Kí N Tó Relé

"Ọmọbìnrin mi kò ní lọ ja ìjà kankan ní Thailand. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Bàbá Rahmah ló sọ bẹ́ẹ̀. Làtíìfù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé ni, kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pàápàá. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tí kò bèèrè fún wá fún. Rahmah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Omijé ti lé ròrò sí i lójú.

"Dad, kì í ṣe ìjà like that. Training ni. Coach Moyin ń lọ with us, àwa márùn-ún, all girls."

"Mo ti gbọ́. Mo ní rárá."

Ká má parọ́, ìjà náà ni. Ó ti tó ọdún méjì tí Rahmah ti ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá àwọn ará Thailand nínú gbọ̀ngàn kan lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham. Àwọn aláàánú kan ló fẹ́ rán àwọn márùn-ún tó mọ̀ ọ́n jù lọ sí orílẹ̀-èdè tí ìjà náà ti ṣẹ̀ wá, kí wọ́n lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Gbogbo òbí yòókù ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tiwọn.

"Làtíìfù."

Láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni ohùn náà ti wá. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi orúkọ lásán pa Làtíìfù lẹ́nu mọ́, ìyá rẹ̀, Alhaja Hàlímọ̀tù, ni. Ògì ni Alhaja ń mu, nínú àwo kékeré kan tí wọ́n ya àkùkọ onírù dúdú sí lára. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ fi àwo yẹn jẹun nínú ilé náà.

"Mà, Màámi."

"Ìlú wo ni wọ́n ń lọ gan-an?"

Rahmah yára dáhùn kí bàbá rẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Abúlé kan ni a máa gbé, Grandma. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ méjì ká padà, wọ́n máa mú wa lọ sí town kan tó ń jẹ́ Lampang. Tour ni, just one hour. Ẹṣin ló máa fà wá yíká."

Alhaja rọra gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. "Lampang," ó ní. "Ìlú Nọ́ì."

Gbogbo ilé ló mọ ìtàn Nọ́ì. Kí ẹsẹ̀ Alhaja tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó fi ọdún mẹ́rìnlá fọ abọ́ nílé oúnjẹ obìnrin ará Thailand kan ní Camberwell, Nọ́ì sì ni orúkọ obìnrin náà. Bí a bá da Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì pọ̀, kò lè pé ti ẹnì kan, síbẹ̀ wọ́n á máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Nọ́ì á ya ìlú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ oúnjẹ oníbàárà: afárá funfun, ilé aago, ẹṣin tó fi òdòdó sórí. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á mú Alhaja lọ, àwọn á jọ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọn ò ní fọ abọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Àìsàn ni kò jẹ́. Kí Nọ́ì tó kú, ó fa àwo alákùkọ rẹ̀ lé Alhaja lọ́wọ́.

"Fọwọ́ sí i," ni Alhaja wí fún ọmọ rẹ̀.

Làtíìfù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rahmah ń fi òróró pa ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni. Àìsàn ọkàn ló gbé e débẹ̀. Níwọ̀n bí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, Rahmah gbà pé ara rẹ̀ ti ń yá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé ni ara rẹ̀ ti yá.

"Ràhámọ̀tù," ni Alhaja pè é. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. "Tí o bá ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin yẹn, pè mí lórí fóònù, èyí tó ń fi ojú hàn. Tí o bá gbàgbé, èmi á pè ọ́. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ìlú Nọ́ì kí n tó relé."

"Ẹ fẹ́ relé? Ìwó? When?"

"Kò ní í pẹ́ mọ́."

Kò ya Rahmah lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní Peckham ló máa ń relé bí ọjọ́ bá ti lọ lórí wọn, wọ́n á ní òtútù ti tó àwọn, wọ́n á palẹ̀ mọ́. "Ticket yín ńkọ́? Wọ́n ti book ẹ̀?"

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Tíkẹ́ẹ̀tì mi wà lọ́wọ́ Ẹni tó ni ín."

Uncle Tàjùdéèn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ní Rye Lane ló sọ sí Rahmah lọ́kàn. Rahmah tilẹ̀ bá Alhaja gbé báàgì aláwọ̀ ewé kan sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí Alhaja ní òun fẹ́ kó wà nítòsí. Báàgì náà fúyẹ́.

"Grandma, ìwọ̀nba èyí lẹ máa gbé relé? No gifts, no nothing?"

"Ó tó mi."

Ẹ má bínú sí Rahmah. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ojú ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́, kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa ní inú. Ọmọ tó dàgbà sí Ìwó ì bá ti da òróró ọwọ́ rẹ̀ nù, kó sì bú sẹ́kún.

"I promise," ni Rahmah wí. "Mo máa pè yín."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Thailand dùn, ó sì nira. Wọ́n ń jí sáré, wọ́n ń ta àpò ìjà nípàá títí ojúgun wọn fi bó. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Alhaja pè. Rahmah gbé e láìronú, ohùn ìyá àgbà sì gba gbogbo ibi ìjẹun kan.

"Ràhámọ̀tùùù! Ṣé o ti jẹun? Ṣé o ti yàgbẹ́ lónìí? Má jẹ́ kí inú ẹ dì o!"

Agnes ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá bíi Rahmah ni Agnes, Bermondsey ló ń gbé, òun náà ló sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn yòókù, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Rahmah bá ti gbé ṣíbí, wọ́n á pariwo, "Ràhámọ̀tùùù! Ṣé o ti jẹun?" Bí ó bá dìde lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Rahmah ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò dára, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan. Ọjọ́ ìrìn-àjò náà nìkan ló ní òun á pè.

Ọjọ́ náà pé, Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Peckham. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin méjì ló wà nílẹ̀. Rahmah àti Agnes wọ ti iwájú, Coach Moyin àti àwọn mẹ́ta yòókù wọ ti ẹ̀yìn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Wichai ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakẹ̀kẹ́, òun ni yóò máa ṣàlàyé ìlú. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń wojú wọn bí ó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń fi yàrá ìyá rẹ̀ han àlejò.

Agnes ti so fóònù rẹ̀ mọ́ igi, ó ń ya fídíò. "Nobody talk rubbish," ó ní. "Mo fẹ́ post èyí straight."

Rahmah fọwọ́ kan fóònù rẹ̀ nínú àpò. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí àwọn kọ́kọ́ dé afárá ná.

Wọ́n dé orí afárá, funfun báláú ni, àwòrán àkùkọ wà lára òpó rẹ̀, bí Nọ́ì ṣe yà á gẹ́lẹ́. Àfi bí ẹni pé Alhaja mọ̀, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. GRANDMA ló wà lójú rẹ̀.

"Oh my days," ni Agnes wí. "Ràhámọ̀tù! Jọ̀ọ́, don't. Mo ń record. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ 'ṣé o ti yàgbẹ́' nínú video mi."

Wichai yíjú padà. Ó bi Rahmah ta ló ń pè, bóyá ìyá rẹ̀ ni. Ó ní àwọn lè dá ẹṣin dúró, pé ibi tí àwọn wà yìí ni àwọn ìyá máa ń fẹ́ rí jù.

Rahmah wo Wichai, ó wo Agnes, ó wo fóònù. Ojú rẹ̀ gbóná.

"No, ẹ máa lọ," ó ní. "It's nobody. Kì í ṣe ẹnì kankan."

Ó gé e.

Ó tún dún nígbà tí wọ́n dé ìdí ilé aago. Ó tún gé e. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta ní òpópónà àtijọ́ tó wà létí odò, níbi tí àwọn ilé onípákó wà, tí wọ́n ti ń ta àwo alákùkọ. Wichai ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ funfun ìlú náà mọ wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, Rahmah pa fóònù náà pátápátá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí aburú níbẹ̀. Alhaja kò tíì lọ Ìwó. Fídíò Agnes wà, òun á fi hàn án nílé, àwọn méjèèjì á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, òun á ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ra àwo kan fún un, alákùkọ bíi ti àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n padà dé ibùdó wọn ló tó tan fóònù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti pè é ní ìgbà mẹ́fà. Ó pè é padà.

"Dad? Sorry, network—"

"Ràhámọ̀tù." Làtíìfù kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Grandma ti relé o."

Rahmah dúró. Inú bí i díẹ̀. "Already? Wọn ò lè dúró dè mí? Two days ló kù! Ṣé Uncle Tàjùdéèn ló change flight wọn ni?"

Ohun tó gbọ́ ni bàbá rẹ̀ tó ń gbìyànjú láti mí. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀.

"Rahmah. Grandma died. Wọ́n kú, ọmọ mi. Wọ́n sùn lẹ́yìn tí wọ́n pè ẹ́, wọn ò jí mọ́."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni wọ́n sin Alhaja. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ọkọ̀ òfuurufú Rahmah tó balẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti bo ilẹ̀ lé e. Ó wọlé, ó gba àárín àwọn tó wá kí wọn kọjá, ó lọ tààrà sí yàrá ìyá àgbà rẹ̀. Báàgì aláwọ̀ ewé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Dad?"

Làtíìfù jókòó tì í. "Aṣọ funfun tí wọ́n rà ní Mẹ́kà, ọdún tí wọ́n ṣe Hájì. Omi sámusámù ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Àti ìgò lọ́fíńdà kékeré kan. Wọ́n ní òun ni kí a fi sin àwọn."

Rahmah rántí bí báàgì náà ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sọ̀kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè ẹ̀bùn. Ilé tí Alhaja ń wí kò sí ní Ìwó, kò sì sí lọ́wọ́ Uncle Tàjùdéèn láti ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Wọ́n jí dáadáa lọ́jọ́ yẹn," ni Làtíìfù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Wọ́n ní ká wọ léèsì fún àwọn, wọ́n wé gèlè, wọ́n lé tìróò. Mo ní, 'Màámi, níbo lẹ ń lọ?' Wọ́n ní, 'Èmi àti Ràhámọ̀tù la jọ ń jáde.' Wọ́n fi fóònù ti àwo Nọ́ì kó má baà ṣubú, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Network ni, àbí? O ti sọ fún wa pé network ibẹ̀ ò dáa."

Rahmah mọ̀ pé bí òun bá mi orí lásán, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bá òun wí.

"Rárá, Dad. Network dáa. Mo rí i. Three times ni mo rí i. Ojú ń tì mí torí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin tó ń fi ìlú hàn wá bi mí ta ni, mo ní kì í ṣe ẹnì kankan."

Làtíìfù kò jágbe. Ì bá sàn kó jágbe. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ, omi náà sì ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́ láìsí abọ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Ohùn Alhaja kan wà lórí fóònù Rahmah tí kò tíì gbọ́. Wákàtí tó pè tì náà ló fi ránṣẹ́. Rahmah kò láyà láti tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tí òun àti bàbá rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí itẹ́ òkú, ló tó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì kún. Kò fi okùn fóònù sétí, kò dín ohùn rẹ̀ kù.

"Ràhámọ̀tù ọmọ mi. Mo pè ọ́, mo pè ọ́. Bóyá ẹṣin ń sáré ni. Kò burú. Wo gbogbo ẹ̀ dáadáa, bá mi wò ó. Tí o bá dé, kí o wá rò ó fún mi. Ṣé o ti jẹun?"

Àwọn èèyàn yíjú wò ó. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ojú ti ń tì í tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ara rẹ̀ mọ́, ì bá sì fi gbogbo ohun tó ní ra wákàtí kan ṣoṣo, kí ohùn náà tún gba ibi ìjẹun yẹn kan níṣojú gbogbo ayé.

Ilẹ̀ sàréè náà ṣì rọ̀. Làtíìfù ka àdúà tán, ó bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Rahmah kúnlẹ̀. Ó yọ àwo tuntun náà, ó gbé e sórí ìtàn. Yorùbá rẹ̀ wọ́ lẹ́nu, àmì ohùn rẹ̀ ṣáko lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí orúkọ tó ń pè é, kò fi Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i.

"Grandma, ẹ má bínú. Wọ́n bi mí ta ló ń pè, mo ní kì í ṣe ẹnì kankan. Irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo ń sá fún, ẹ̀rín yẹn ò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ̀yin ò sì sí mọ́. Tí ẹni tó fẹ́ràn mi bá tún pè mí, mo máa dáhùn. Níwájú ẹnikẹ́ni, mo máa dáhùn."

Ó nu imú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹṣin pupa ni, ó fi òdòdó sórí. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀ dé fìlà ńlá. A kọ́kọ́ gun afárá. Ó funfun, Grandma, bí Nọ́ì ṣe yà á. Àkùkọ wà lára ẹ̀."

Ó mú un gba orí odò. Ó mú un yí ilé aago ká lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibẹ̀ ló kù díẹ̀ kó gbàgbé. Ó mú un dé òpópónà ilé onípákó, ó dúró níwájú ìsọ̀ àwo, ó sọ iye àwo tó wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Ó gbà á ní wákàtí kan gbáko, bí ó ṣe gba Wichai. Làtíìfù dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe fún un.

Rahmah rò ó tán. Ó wá rántí pé ìbéèrè kan ṣì kù tí òun kò tíì dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Grandma," ó ní. "Mo ti jẹun."